Kìnnìún Elétí Kan Lójú Ilé Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyáálé bàbá wa, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àlájì ni gbogbo Ìkirè ń pè é, Àlájì náà ni èmi yóò máa pè é. Lọ́jọ́ tí a parí fídáù bàbá wa, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí bàbá bàbá wa kọ́, ó ní obìnrin tó ti wọlé ọkọ ní Àpòmù kò ní yàrá mọ́ nílé bàbá rẹ̀ ní Ìkirè. Yàrá ìyá mi ni ó ń bá wí, èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé, tó ní páànù tirẹ̀, tí a sin ìyá mi sí. Kò pẹ́ tó fi kó àpò kòkó sínú rẹ̀. Orí sàréè ìyá mi ni wọ́n to àpò náà lé.

Mo ti darúgbó, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé àpò kòkó yẹn. Àwọn tó ń bẹ̀ mí pé kí n gbàgbé, kì í ṣe orí ìyá tiwọn ni wọ́n to kòkó lé.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà. Nígbà tí kòkó ń jẹ́ kòkó ni bàbá bàbá wa kọ́ ọ. Pákó ìrókò ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀, pákó náà ni wọ́n fi ṣe fèrèsé, bíríkìlà tó rẹ́ ẹ sì mọ kìnnìún kan sókè ẹnu ọ̀nà. Ó dá mi lójú pé bíríkìlà yẹn kò fojú kan kìnnìún rí, nítorí ojú ajá ni kìnnìún náà ní. Etí rẹ̀ kan ti já bọ́ kí wọ́n tó bí mi. Síbẹ̀, ilé oníkìnnìún ni wọ́n ń pè wá, inú wa sì ń dùn sí i.

Bí àwọn ọkùnrin ilé wa ti ń kó lọ sínú ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ́ síta, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn ló ń jò jù, ògiri yàrá ìyá mi sì ti lanu. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kí a tún un ṣe, oníkálukú á máa wo ojú ẹnì kejì. Ilé ẹbí dà bí ewúrẹ́ ẹbí: gbogbo wa la ni ín, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ.

Ni káńsù bá kéde pé àwọn fẹ́ ran àwọn tó ní ilé àtijọ́ lọ́wọ́. Mi ò ní sọ káńsù wo ni, nítorí mo ṣì ń gbé láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn yóò mú àwọn bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀ wá, àwọn yóò pààrọ̀ igi àti páànù tó ti jẹrà. Ohun méjì péré ni wọ́n béèrè: kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ilé sì wà bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe fi í sílẹ̀. Olórí ẹbí wa, ta ni? Àlájì náà ni.

Mo gun ọ̀kadà láti Àpòmù lọ bá a. Ó jókòó sí iwájú ilé búlọ́ọ̀kù rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì.

“Tíṣà!” ó ní. “Kí la tún ṣe? Ṣé o fẹ́ wá nà wá lẹ́gba ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi wá.”

“Ilé ta?”

“Ilé bàbá wa.”

“Àṣé o ṣì ní bàbá ní Ìkirè! Mo rò pé àwọn ará Àpòmù ti fún ọ ní òmíràn.”

Àwọn ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Mo ṣàlàyé títí ó fi fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé:

“Ṣé alága káńsù fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá wo ilé?”

“Wọ́n ní ó ń bọ̀.”

“Pẹ̀lú àwọn oníròyìn?”

“Bóyá.”

Ó yíjú sí ògiri ilé búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó ń wò ó láti ilẹ̀ dé òkè. Ó yẹ kí ìwò yẹn ti bà mí lẹ́rù.

Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀ka àṣà ní káńsù, ọmọ Gbọ̀ngán, ló kọ́kọ́ wá yẹ ilé wò. Bó ṣe rí kìnnìún, ṣe ló pàtẹ́wọ́. “Mọ̀mọ́, ẹ wo ojú rẹ̀! Ẹ wo bó ṣe ń wò wá!” Ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó bá mi dé ẹ̀yìn, ó rí ògiri tó lanu, ó ní ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ máa ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó lọ, ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà yìí ni kí alága wá bá a.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Àlájì bí ó ti wà.

“Wọ́n ní kí ẹ má kùn ún, kí ẹ má tún nǹkan kan ṣe.”

“Mo gbọ́.”

“Bó ṣe wà ni o.”

“Mo ní mo gbọ́, Tíṣà. Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ya adití ni?”

Nígbà náà ni ọmọ mi mú mi lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ ṣe ojú mi, tó ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ojú mi mọ́ kedere. Ojú tó mọ́ náà ni mo fi rí ohun tí Àlájì ṣe.

Mo kọ́kọ́ gba iwájú ilé kọjá, mi ò mọ̀ ọ́n. Táìlì ni láti ilẹ̀ dé òkè, ó ń dán bí ògiri báńkì. Owó tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló ná sí i. Fèrèsé ti di aluminiọ̀mù. Pákó ìrókò bàbá bàbá wa, wọ́n ti fi dáná ìrẹsì fún àwọn bíríkìlà. Mo gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, kìnnìún dà?”

“Èwo ni kìnnìún? Ajá elétí kan yẹn? Ṣé kí alága wá bá a lójú ilé wa, kó máa fi wá ṣẹ̀sín káàkiri ni?”

“Wọ́n ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án! Mo sọ fún yín!”

“Tíṣà, ìwé lo mọ̀, o ò mọ àlejò. Àlejò wo ló ń sọ fún onílé pé kó gbálẹ̀ de òun? Gbogbo wọn ló ń sọ pé ẹ má ṣe wàhálà. Onílé tó bá gbà wọ́n gbọ́, òun ni ojú máa tì.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa lóòótọ́. Mo ní, “Ẹ̀yìn ńkọ́?” Ó ní, “Ta ló ń gba ẹ̀yìn wọlé?”

Alága wá, àwọn oníròyìn tẹ̀lé e. Kánsẹ́lọ̀ kan tó bá wọn wá ń fọwọ́ pa táìlì, ó ń sọ pé “Ẹ̀yin ẹbí yìí mà gbìyànjú o!” Àlájì wọ agbádá funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ọmọbìnrin ọmọ Gbọ̀ngán yẹn wo òkè ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, kò gbójú sókè mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo fà á dúró.

“Ọmọ mi, ẹ̀yìn ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ tún ẹ̀yìn ṣe.”

“Mọ̀mọ́, ilé àtijọ́ ni ìrànwọ́ yìí wà fún. Alága ti ní èyí ti di tuntun.”

“Ṣé yàrá ìyá mi náà ti di tuntun?”

Ó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ alága. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ìrànwọ́ náà lọ. Mo máa ń rí i bí mo bá ń lọ sí ọjà: amọ̀ gidi, fèrèsé onípákó, páànù tuntun. Mi ò kí àwọn tó ni ín rí. Wọn ò ṣẹ̀ mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọn.

Òjò wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kí n tó dé láti Àpòmù, ògiri yàrá ìyá mi ti ya lulẹ̀, ó fa páànù tẹ̀lé ara rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Iwájú ò mì. Táìlì kan ò sán. Mo dúró sínú ẹrẹ̀, mo ń wo ojú ọ̀run láti inú yàrá tí wọ́n bí mi sí, amọ̀ sì ti bo sàréè mọ́lẹ̀.

Àlájì fi ọ̀pá rìn wá bá mi. Àbúrò kì í jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo sọ ti àpò kòkó, mo sọ ti ọjọ́ fídáù, mo sọ ti ìkúnlẹ̀ mi lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. Mo ní yàrá kan ṣoṣo ni mo béèrè nílé yìí láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú. Ó dúró, ó gbé ara lé ọ̀pá, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wo ibi tí sàréè wà, ó ṣí fìlà. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí.

“Ó tó, Tíṣà,” ó ní. “Má sunkún mọ́. Lọ sí iwájú, kí o mú yàrá tó bá wù ọ́. Gbogbo wọn ló ti ní táìlì.”