Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Sùn Lórí Ọkọ̀

Òórùn tapólì tí oòrùn ti yan, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn epo bẹntiróò, ni mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá rántí ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin wá kí wa ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Mo ń fọ aṣọ ní àgbàlá ilé tí èmi àti bàbá mi háyà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan yà wọlé. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dé ìbàdí mi. Àgọ́ kan wà ní kíká lórí rẹ̀ bí àpótí aṣọ, alùpùpù méjì sì dúró sórí irin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi okùn dè wọ́n bí àgbò iléyá.

Iṣẹ́ àbúrò mi nìyẹn, bí o bá lè pè é níṣẹ́. Àwọn olówó Àbújá tí wọ́n kọ́ ilé alájà, tí wọ́n tún wá fẹ́ràn àtisùn nínú igbó, ló máa ń kó kiri. Yóò gbé ọkọ̀ dúró sí ẹ̀bá òkè tàbí etí odò, yóò tú àgọ́ náà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì gun àkàbà lọ sùn sókè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sọ alùpùpù kalẹ̀, wọ́n á fi gba ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ kò lè gbà. Èmi tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu yà mí títí. Àwa ń wá ilé tí a ó sùn sí, ẹnì kan ń sanwó kó má bàa sùn nílé.

Yàrá wa kò gba ẹni mẹ́ta, nítorí náà inú àgọ́ rẹ̀ ló sùn, nínú àgbàlá, lójú gbogbo ayálégbé. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa bi mí pé, "Àǹtí tíṣà, ṣé ilé ò gba àbúrò yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni.

Ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ohunkóhun. Ilé wa wà láàárín ìlú méjèèjì, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́lé sí nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà. Ìwọ náà kúkú mọ ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, n kò ní í tún un sọ, n kò sì ní í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló jó ilé wa. Iwájú ilé náà ni a sin ìyá mi sí, a tẹ́ táìlì funfun lé e lórí. Lẹ́yìn ìjà yẹn, àṣẹ jáde pé títí tí àwọn àgbà yóò fi parí ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gbébẹ̀. Àwọn sójà sì dúró sí ìkòríta.

Bàbá mi kò béèrè ilé mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé òun fẹ́ sùn ti ìyá wa lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló máa ń sọ ọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá omi ṣì wà nínú ìkòkò. Èmi á kó abọ́ jáde lọ fọ̀.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá mi kò wọlé. Ó dúró ti ọkọ̀ náà, ó ń wò ó.

"Àgọ́ yìí, ṣé ó ń kanlẹ̀?"

"Rárá, sà," ni àbúrò mi wí.

"Àkàbà rẹ̀ ńkọ́?"

"A lè fà á sókè, sà."

Ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé ó ní. Ó ní, "Nígbà tí a ń bọ̀ láti Kùmásì, orí ẹrù lórí lọ́rì ni mo sùn sí. Ìyá mi fi gèlè so ọwọ́ mi mọ́ irin. Mo mọ̀ ọ́n sùn." Lẹ́yìn náà ló wá là á yé wa: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé orí ilẹ̀, wọn ò mẹ́nu ba orí ọkọ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé irú àwáwí tí ọmọ ilé ìwé tí kò ṣiṣẹ́ àṣetiléwá máa ń mú wá fún mi rè é. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn, n kò lè sọ ọ́.

"Mi ò ní í lọ bí olè o," ló wí. "Ẹ lọ sọ fún àna mi."

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni àna rẹ̀ yìí, àgbẹ̀ ni ní Ìfọ́n. Láti ìgbà ìjà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì wá. Àbúrò mi tú okùn, ó sọ alùpùpù méjèèjì kalẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n gùn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi lọ kọ́ni ní abúlé, nítorí náà mo gun ọ̀kan, ó gun èkejì, a sì gba ọ̀nà oko. Ọ̀nà náà pa rọ́rọ́. Ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò padà wá wú ti ga ju orí wa lọ. N kò mọ̀ pé ibi tí mo ti mọ gbogbo igi rẹ̀ lè ṣàjèjì sí mi tó bẹ́ẹ̀.

A bá àbúrò ìyá mi níwájú ilé rẹ̀, ó ń ki èèkù bọ ọkọ́. Mo kúnlẹ̀, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, a jíṣẹ́. Ó béèrè, ojú rẹ̀ sì wà lára ọkọ́:

"Ta ló ń se oúnjẹ fún un?"

"Èmi ni, sà."

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Bó bá nìkan sùn síbẹ̀, wọ́n á ní ó wá gba ilẹ̀ ni. Èmi náà á lọ." Ó wọlé mú fìlà, ó sì jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù. Gbogbo bí a ti ń bọ̀, ó ń sọ fún mi kí n rọra.

Bàbá mi dàgbà ju àbúrò ìyá mi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àna ni àna. Bí ó ti rí i nínú àgbàlá wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Àbúrò ìyá mi sáré gbá a mú: "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe èyí sí mi." Wọ́n di ara wọn mú, ó pẹ́ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn.

A de àwọn alùpùpù padà sórí irin wọn, a sì gbéra. Ní ìkòríta, sójà kan béèrè ibi tí a ń lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n ló jókòó pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, ó wò wọ́n títí, ó ní kí a kọjá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni a débẹ̀. Ògiri ilé wa ti wó tán, koríko ti bò ó. Ewé gbígbẹ ti kún orí táìlì ìyá mi, díẹ̀ ló kù kí n má rí i.

Àbúrò mi gbé ọkọ̀ sún mọ́ ọn, ó tú àgọ́. Ẹni méjì péré ló gbà. Bàbá mi gun àkàbà láìgbọ̀n, àna rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n sì fa àkàbà sókè. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé àgọ́, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ìyá wọn, èmi rè é o. Òkè ni mo wà. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi náà wà níbí," ni àbúrò ìyá mi wí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ọkọ̀ nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń dún nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo sunkún. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀, ìyá mi gan-an wà níbẹ̀, síbẹ̀ n kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a ká àgọ́, àbúrò mi sì gbé ọkọ̀ jáde sí ojú títì. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan tó ní ewé, ó padà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá ipa táyà kúrò nílẹ̀. Ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, ó ń gbá ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà. Àna rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka tirẹ̀, ó gbá apá kejì. Mo fẹ́ lọ kó ewé kúrò lórí táìlì. Bàbá mi dá mi dúró.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Bó bá mọ́, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan wá."

A gbé àbúrò ìyá mi padà sí Ìfọ́n, àbúrò mi sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ sísùn náà mọ́. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, ó kú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì parí, nítorí náà ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀rìn ni a sin ín sí, ó jìnnà sí ìyàwó rẹ̀. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá náà báyìí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ilé tó jóná ló ń dun bàbá mi. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá lè gbálẹ̀ fún òkú rẹ̀ kò tíì di aláìnílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ìgbálẹ̀ lọ sí ibojì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo máa ń gbá a títí yóò fi mọ́ tónítóní, mo máa ń gbá ilẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dípò ti ìyá mi tí n kò lè dé, n ó sì fi ojú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹnì kan wá.