Imú Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Fọlákẹ́

Ó ti lé ní ọdún méjì tí imú mi ò gbọ́ òórùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ omi nílé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ilare. Ọ̀gá mi ò mọ̀. Fọlákẹ́, ọmọ àbúrò ìyá mi tí mo fà wọ iṣẹ́ náà, nìkan ni mo sọ fún. Àràárọ̀ ni mo máa ń bu omi fún un kó bá mi gbóòórùn rẹ̀.

Lónìí, oníbàárà kan láti Ìlódè da omi wa padà. Ó ní ó ń rùn bí ẹja.

Mo ṣí táńkì résìn, àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó ń mú kí omi kànga wa rọ̀. Kòkòrò àìfojúrí ti gbà wọ́n, wọ́n ń yọ̀ bí ilá.

"Fọlákẹ́, o ò gbóòórùn yìí ni?"

"Mo gbọ́ ọ, bùọ̀dá mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Tí mo bá sọ, ẹ ó ní ká fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́ dìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò bá mi mú ọmọ mi níléèwé?"

"O wá ń purọ́ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣebí ẹ̀ ń purọ́ fún ọ̀gá."

Ó dùn mí wọra. Ọmọ tí mo finú hàn! Àbí èmi ni mo kọ́ ọ? Ẹ bá mi dá sí i.

Mo ti pa ẹ̀rọ. Lọ́la, kí ọ̀gá tó jókòó, màá sọ fún wọn pé imú mi ti kú.