Ìbínú Marsaili, Ọmọ Ilé Olódi Dunorran

Gbogbo etíkun wa ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí Marsaili MacGorran há àbúrò rẹ̀ mọ́ inú ihò ẹ̀wọ̀n ilé bàbá wọn. Torquil, àbúrò náà, ni olórí ìdílé MacGorran. Torí pé ó jẹ́ ọkùnrin ni oyè fi fo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ náà, ó ń mú àwọn àlejò yíká ilé olódi Dunorran. Ó dúró lẹ́bàá ihò, ó ní, "Àwọn baba wa ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí. Bí ọmọ ni wọ́n ṣe tọ́jú àwọn ará àfonífojì tó ń gbé lórí ilẹ̀ wa."

"Irọ́ lo pa!" Marsaili ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló wá finá sun ilé wọn, tó lé wọn lọ kí àgùntàn lè máa jẹko lórí ilẹ̀ wọn? Ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà níbí."

"Ó dáa, sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, kó o wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ!"

Torquil fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rù ò ba òun, ló bá fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀. Marsaili fa àkàbà sókè, ó jókòó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn gidi: ẹni tó kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro, ìdí tí fèrèsé ìsàlẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí ebi pa kú nínú ihò. Bí Torquil bá ti kígbe, á ní, "Ẹ gbọ́? Bí wọ́n ṣe máa ń ké nìyẹn." Nígbà tó parí, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n béèrè aago tí eré kejì máa bẹ̀rẹ̀.

Ìbínú ò wọ́n Marsaili rárá. Ó ń bínú sí òjò, ó ń bínú sí ẹyẹlé. Àlejò obìnrin kan rọra bi í bóyá iwin wà nínú ilé náà. "Iwin kẹ̀!" ni Marsaili wí. "Òtútù ilé yìí ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ṣé wọ́n ya wèrè tí wọ́n á fi padà wá ni?"

Ti sìmẹ́ǹtì ló wá le jù. Gogoro ìwọ̀-oòrùn ti ń sán, Torquil sì ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí i, torí pé ó yá. Marsaili fárígá. Ó ní ẹfun òkúta sísun ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun ló ń jẹ́ kí omi ráyè jáde. Sìmẹ́ǹtì á há omi mọ́nú, òkúta á sì jẹrà. Torquil kọtí ikún. Ni Marsaili bá jókòó gbàgà sínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ó gbé tíì rẹ̀ sórí itan.

"Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́! Á gan o!" ni àwọn bíríkìlà ń bẹ̀ ẹ́.

"Jẹ́ kó gan!"

Ó sì gan. Sísọ̀ọ́sì ni wọ́n fi gé síkẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀. Ó fi yẹ̀rì gba àárín ọgbà kọjá bí ayaba, ó dúró níwájú Torquil, ó ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí sìmẹ́ǹtì bá dì mú, kì í jẹ́ kó mí." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹfun ti dé.

Ìjà kan wà tí kò borí. Ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n lé kúrò ní àfonífojì sára òkúta ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ orúkọ àwọn olóyè. Torquil ní, "Ẹnu ọ̀nà ilé wa kọ́ la ti máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wa." Láti ọjọ́ náà, ajá nìkan ni Marsaili ń rán sí i. "Sọ fún ọ̀gá ẹ pé ọbẹ̀ ti jó."

"Sọ fún un pé mo ti gbóòórùn ẹ̀," ni Torquil á dá ajá lóhùn.

Nígbà tí ajá náà kú, Torquil fúnra rẹ̀ ló sáré lọ ra òmíràn.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Marsaili kú. Pásítọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò mọ̀ ọ́n. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ó ní, "Arábìnrin wa yìí jẹ́ onísùúrù, oníwà pẹ̀lẹ́." Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá bú sẹ́rìn-ín.

Torquil dìde. "Pásítọ̀, ẹ má purọ́ mọ́ òkú. Kò sọ́jọ́ tínú ò bí i. Àwọn tí ìdílé wa lé jáde, kò sẹ́ni tó bínú nítorí wọn. Òun nìkan ló ń bínú nítorí wọn, títí tó fi kú. Mo ti ránṣẹ́ sí agbẹ́-òkúta. Ó máa gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta ẹnu ọ̀nà."

Ó fẹ́ jókòó, ó rí àyè tí Marsaili máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ṣófo, kò lè jókòó mọ́.

"Ta ló wá máa bá mi jà báyìí?" ló bi wá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a lọ dúró tì í.