Ojú Mi Nínú Ìwé Àlọ́ Òyìnbó

Mo rántí òórùn ọ̀dà tó máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá arúgbó kan ní Upper Marlboro, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ará England ni. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ya àwòrán sínú ìwé àlọ́ òyìnbó: ọbabìnrin, ìkookò, ọmọ tó sọnù sígbó. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, tí mo ń fún un lóúnjẹ, tí mo sì ń gbé e jókòó sídìí tábìlì tó ti ń yàwòrán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Ojú yìí ni mo ti ń wá. Jókòó. Rẹ́rìn-ín, kí n rí eyín rẹ."

Abàjà ni wọ́n kọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ní Ọ̀yọ́, mo sì ní èjí. Nílé wa, ta ni kò mọ̀ pé ẹwà ni méjèèjì? Àwọn àgbà ní, à ń kọlà, ó ń roni. Ó jinná tán, ó doge. Èmi òpè gbà pé ọbabìnrin ni yóò fi ojú mi yà. Lọ́jọ́ kejì, mo we gèlè lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí n tú u. Mo tú u.

Nítorí ọmọbìnrin mi ni mo ṣe ń yọ̀. Ó ti sọ fún mi pé, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá wá gbé mi nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló ṣe ojú yín." Mo rò pé tó bá rí mi nínú ìwé, pẹ̀lú adé lórí, ìtìjú náà á tán.

Nígbà tí ìwé dé, òun ló kọ́kọ́ ṣí i. Àjẹ́ tó ń pa ọmọ jẹ nínú igbó ni mí. Ìyá náà kò fo ilà kankan. Okùn bàtà ọmọdé kan ló há sí èjí mi.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ìyá arúgbó náà. "Mà, ṣé èmi nìyí?"

"Ìwọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ya ohun tó ba èmi alára lẹ́rù." Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbí o rò pé ọbabìnrin ni?"

Mo fún un ní sọ́ọ̀pù rẹ̀, mo nu ẹnu rẹ̀. Inú mọ́tò ni mo sì ń dúró sí tí mo bá lọ gbé ọmọ mi nílé ìwé, títí ó fi jáde ìwé.

Ìyá náà ti kú, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ẹnìkan ló fi ta ọmọ-ọmọ mi lọ́rẹ. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á fún un. Nígbà tó kan ojú ewé yẹn, ọmọ mi ṣí méjì pọ̀.

Ọmọ-ọmọ mi dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti fo Màmá Àgbà kọjá."

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àwọn àgbà ò sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ilà tó jinná.