Ọkọ́ Tó Dá Lóko Ilé-Ìwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ̀ẹ́, òòlù bàbá mi ló ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Alágbẹ̀dẹ ni. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ni mò ń fin ẹwìrì kí n tó lọ sílé-ìwé, èédú a sì dúdú lọ́wọ́ mi débi pé ìyá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan iyán àfi tí mo bá fi ọṣẹ dúdú bó o.

Bàbá a ki irin bọ iná, a lù ú, a ká a lé ara rẹ̀, a dá a padà sínú iná, a tún lù ú. Lẹ́yìn náà a ṣẹ́ etí rẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá rí hóró-hóró bí gàrí, a ní, "Èyí á dá." Bí ó bá kúnná bí èlùbọ́, a rẹ́rìn-ín. Irin nìkan ló máa ń rí ẹ̀rín yẹn.

Ìgbà "kámáráàdì" ni, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa fi orúkọ yẹn pe ara wa, tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní oko tí àwa ọmọ ń ro. Ẹ̀gbọ́n mi Àkànbí, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá wa, ló rọ ọkọ́ tí mo gbé lọ. Ó bá òkúta pàdé, ó dún kán, ó dá. Mo gbé e wálé, Bàbá wo ojú ibi tó ti dá: gàrí ni. Àkànbí kò lù ú tó. Hà, ẹgba ọjọ́ náà! Bàbá nà án lọ́sàn-án, ó tún nà án nírọ̀lẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ. "Ọmọ tí a kò bá lù kò lè kúnná."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àkànbí, bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì là á fi fà á mọ́ra." Bàbá yí padà sídìí òòlù rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹní Àkànbí ti ṣófo. Wọ́n ní ó gba ẹnubodè kọjá lọ sí Nàìjíríà. Kò padà, a ò sì gbọ́ pé ó kú. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ títí ó fi wọlẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé bàbá mi mọ̀. Ó mọ̀ pé bí irin bá ti tutù, tí a ṣì ń lù ú, á sán. Ìdí nìyẹn tó fi ń dá a padà sínú iná. Ó mọ̀ ọ́n fún irin, kò mọ̀ ọ́n fún ọmọ tó bí.

Ọkọ́ ọjà là ń rà báyìí, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú àgbẹ̀dẹ. Àmọ́ bí mo bá jókòó ti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó máa ní àwọn ọmọ ìwòyí ti bàjẹ́, pé ẹgba ló sọ àwa dènìyàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi bi Àkànbí, bí ẹ bá rí i.