Bàtà Òjò Funfun Màámi

Òórùn bisikíìtì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Agége là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti ìhà Ìkẹjà, níbi tí iléeṣẹ́ bisikíìtì kan wà, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á kún yàrá wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Èmi tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ní ṣúgà, màá máa fa òórùn náà símú. Àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ológun ni. Ilé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́, wọ́n ń pín ìwé fún wa, gbogbo àgbà sì ń sọ pé nǹkan yóò dára. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí bàámi fi ń jókòó sílé láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà tí nǹkan ń dára bọ̀. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n lọ sinmi ná, ìsinmi náà ò sì tán.

Ìyá Bọ́sẹ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ló wá ojútùú wá. Iléeṣẹ́ bisikíìtì yẹn gan-an ni wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Wọ́n wá sọ fún màámi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé àwọn ń wá obìnrin tí yóò máa fọ ilẹ̀. "Ẹ bá mi ká lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ sáà ra bàtà òjò, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ." Wọn ò sọ irú àwọ̀ tí bàtà náà gbọ́dọ̀ ní. Ta ni yóò ronú kan àwọ̀ bàtà òjò? Dúdú ni gbogbo èyí tí a mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun la wà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ pé a kì í wọ pupa, a kì í wọ dúdú. Bí a bá wọ aṣọ àdúrà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run. Sàǹdáàlì ilé ẹ̀kọ́ mi, aláwọ̀ igi ni. Nítorí náà, nígbà tí màámi mú mi lọ́wọ́ lọ sí ìdí bọ́síkọ́nà lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti bàtà àlòkù, mo mọ ohun tí mo bá lọ. "Ìwọ tó o ti ń kàwé," ni wọ́n wí, "wá bá mi yàn án." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kò sí ẹni tó tíì ní kí n bá òun yan nǹkan kan rí.

Bọ̀ọ̀dá Súlè ló ń ta bàtà. Wọ́n da gbogbo ẹ̀ jọ sórí tapólì, ọ̀tún ò mọ ibi tí òsì wà. Bàtà òjò dúdú kan ni wọ́n kọ́kọ́ fà yọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, aṣọ múlọ́múlọ́ sì wà nínú rẹ̀. Màámi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. "Èyí rọ̀ mí lẹ́sẹ̀," ni wọ́n wí. Mo fa ìró wọn. "Màámi, dúdú ni." Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo bàtà, wọ́n wá bọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Súlè ní, "Bàtà iṣẹ́ kẹ̀? Ẹ ẹ̀ ṣáà ní fi ṣègbéyàwó."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ bàtà òjò kan lábẹ́ òkìtì náà. Funfun ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè, ó ní gìgísẹ̀ kékeré, ìlà aró kan sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Mo tú òkìtì náà títí mo fi rí ìkejì. Nígbà tí màámi wọ̀ ọ́, wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, wọ́n rìn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò tètè bọ́ ọ.

"Ó fún yín níwájú," ni Bọ̀ọ̀dá Súlè wí.

"Yóò fẹ̀," ni màámi dáhùn. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ṣé ká mú èyí?"

"Ẹ mú un," ni mo wí, bí ẹni pé èmi ni mo ni ọjà. Bí a ti ń lọ sílé, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ fún mi tí mo bá fẹ́ wọ aṣọ àìlọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́: "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Orí mi wú.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé fún wa, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dé ìdí. Bí àwọn méjèèjì ti débẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ mú màámi lọ sí ẹ̀ka tiwọn, wọ́n ní kí màámi dúró de fóómàn níbẹ̀. Fóómàn yọ láti ẹ̀yìn, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀ mà. A ò mọ̀ pé òní lẹ ń bọ̀." Àwọn tó ń fọ ilẹ̀ gbé korobá kúrò lọ́nà. Wọ́n mú màámi wọ inú lọ, níbi tí bisikíìtì ti ń jáde gbígbóná, wọ́n fi méjì sórí bébà, wọ́n ní kí màámi tọ́ ọ wò. Màámi jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dára. Fóómàn dúpẹ́. Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ màámi lójú, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gba afọlẹ̀ síṣẹ́ ni? Wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni. Ìgbà tí wọ́n wá béèrè pé, "Níbo ni ìgbálẹ̀ àti korobá wà?" ni ojú fóómàn yí padà. Ní iléeṣẹ́ yẹn, àwọn ọ̀gá tó ń yẹ bisikíìtì wò ló ń wọ bàtà funfun. Dúdú ni tàwọn afọlẹ̀. "Ta ló ní kó o wọ èyí?" Ó ti pa "ẹ" tì. Ó ní kí wọ́n wọ dúdú wá lọ́la, tàbí kí wọ́n jókòó sílé.

Màámi dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà wà lórí itan wọn. Owó bàtà mìíràn ò sí nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi rárá. Ní ilé Ọlọ́run, gbogbo wa la ń wọ funfun, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Ní iléeṣẹ́, funfun di ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá wá wọ dúdú, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn náà. Èwo ni ká ṣe? Mo rò ó títí, mo wá mú póliṣì dúdú bàámi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi àkísà kun bàtà náà láti ìdí dé ẹnu. Lójú tèmi, mo ti tún un ṣe: òde rẹ̀ dúdú fún fóómàn, inú rẹ̀ funfun fún Ọlọ́run. Màámi wò ó pẹ́. "O ṣeun," ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ kejì, póliṣì pàdé omi gbígbóná àti ọṣẹ. Bí màámi ṣe ń fọ ilẹ̀ níwájú ni ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ ẹ́ dúdú lẹ́yìn. Wọ́n padà lọ fọ èyí tó dúdú, wọ́n tún tẹ òmíràn. Kí aago mẹ́wàá tó lù, fóómàn ti lé wọn padà wálé. Wọn ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bi olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì wa léèrè. Wọ́n ní, "Ohun èlò iṣẹ́ ò sí lára èèwọ̀. Ṣé bàtà funfun ni bọ̀ọ̀dá ọlọ́pàá ìjọ wa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni?" Mo ti ń rí bàtà dúdú bọ̀ọ̀dá yẹn lójoojúmọ́. Èmi ni mo fa ìró màámi, èmi ni mo sọ pé dúdú ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ogójì ọdún ni mo fi gbé ẹ̀bi náà kiri. Màámi fọ bàtà náà títí ó fi tún funfun, òun ni wọ́n ń wọ̀ la omi kọjá nígbà òjò lọ fọ aṣọ nílé àwọn olówó ní GRA Ìkẹjà, títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo máa ń gbójú kúrò. Èmi tí mo yan bàtà ní ìṣẹ́jú kan nígbà yẹn wá di ẹni tí kò lè ra síbí láìbi èèyàn mẹ́rin. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni màámi wà báyìí, ẹsẹ̀ ò gbé wọn jìnnà mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo jẹ́wọ́. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ pé a lè wọ dúdú lọ síbi iṣẹ́? Iwájú ilé wa ni bọ̀ọ̀dá ọlọ́pàá yẹn ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́." Wọ́n fa aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. "Ó wù mí ni. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò sí ohun kan tí mo rà torí pé ó wù mí. O sọ pé dúdú ni, mo sì rí ohun tí mo fi bojú." Wọ́n wo òjò níta. "Ṣé wọ́n ṣì ń tà á?"

Ní Sátidé tó kọjá, mo dúró níwájú ìsọ̀ bàtà kan ní Agége fún wákàtí kan gbáko, mi ò mọ èwo ni kí n mú. Ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí léèrè iṣẹ́ tí màámi ń ṣe, kó lè bá mi yan èyí tó yẹ.

"Wọn ò ṣiṣẹ́," ni mo wí. "Wọ́n kàn fẹ́ wọ̀ ọ́ ni."