Síńgílẹ́ẹ̀tì Pupa Méjì

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àgàgà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin yìí gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà fún ìpínlẹ̀ wa: díẹ̀ ló kù kí n ba eré sísá jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní Ọ̀tà. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun náà ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá sáré. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú eré oníyípo méjì àti oníyípo mẹ́rin, ọ̀fẹ́ ni yóò kàwé. Èmi, tíṣà eré ìdárayá láti Ilo-Awela, ni adájọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀rá ní Sango gba ipò kìíní nínú eré àkọ́kọ́. Òógùn mú kí síńgílẹ́ẹ̀tì pupa ọrùn rẹ̀ rin gbindin. Kò pẹ́, ó jáde fún ìkejì, ó tún borí. Àmọ́ mo ti rí i kó tó gbéra: síńgílẹ́ẹ̀tì pupa náà ni, kò sì sí ẹ̀kán òógùn kan lára rẹ̀. Oòrùn wo ló yára tó báyẹn?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń kí ìyá ọmọ náà: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o."

Hẹn-ẹn. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Mo pe ọmọ náà.

"Bọ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ àrá, ìkejì rẹ dà? Àbí abẹ́ igi ló ti ń sinmi?"

Ó wolẹ̀. "Tíṣà, èmi nìkan ni mo sá a."

"Ìbejì wo ló ń dá sáré?" Mo ní kí wọ́n má tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kó tún méjèèjì sá lójú mi.

Ilẹ̀ mọ́, ó dé. Mo fi bírò kọ orúkọ mi sí i lápá, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀. Ó sá ti àkọ́kọ́, ó rin gbindin. Ìyá rẹ̀, tó bá a wá láti Oju Ore, ṣí báàgì, ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì pupa mìíràn yọ.

"Màmá, kí lẹ fi méjì ṣe?"

"Méjì ni mo máa ń rà, tíṣà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìkejì rẹ̀ tó fi lọ. Ṣé torí ìyẹn ni n ò ṣe ní jẹ́ Ìyá Ìbejì mọ́?"

Ohun tí ọmọdé ilẹ̀ wa mọ̀, ìfura ti gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní kó máa lọ, pé ó ti tó.

"Ẹ ní méjèèjì, tíṣà." Ó wọ èyí tó gbẹ, ó sá yípo mẹ́rin náà pé. Nígbà tó fi dé, òógùn ti fọ orúkọ mi kúrò lápá rẹ̀. Bírò yẹn náà ni mo fi kọ tirẹ̀ sílẹ̀.